Ṣé ìwọ nìyí, àbí ṣé o fọwọ́ sí i? Ohun tó ń dí òfin lọ́wọ́ lórí àwòrán ìhòòhò ayédèrú

Bí fídíò ìhòòhò ọmọbìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìwòròkò, ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn, láti orí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá dé orí ìyá tó wà nílé, ni: "Ṣé ìwọ nìyí?" Ọlọ́pàá tó bá gba ẹjọ́ náà á bèèrè. Pásítọ̀ á bèèrè. Àfẹ́sọ́nà á bèèrè, bóyá kó tó dákẹ́ pátápátá. Ọmọ náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn fún aráyé kí wọ́n lè gbà á gbọ́: pé àpá tó wà léjìká òun kò sí nínú fídíò yẹn, pé òun kò dé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ti ń mú nǹkan ṣe lórí deepfake, ìyẹn àwòrán, fídíò tàbí ohùn ayédèrú tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe, ti pa á tì, tàbí wọ́n ti fi sí ipò kejì. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán náà fọwọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, orí ìbéèrè àtijọ́ la ṣì dúró sí, ẹ̀rọ tó sì yẹ kó bá wa dáhùn rẹ̀ kò tíì ṣeé gbára lé.

Ní ìparí ọdún 2017 ni ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní "deepfakes" lórí Reddit bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò jáde, nínú èyí tó ti fi ojú àwọn òṣèré obìnrin tó lókìkí lé ara àwọn obìnrin tó ń ṣe fíìmù ìbálòpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló di orúkọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Deeptrace ka àwọn deepfake tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2019, fídíò 14,678 ni wọ́n rí, ìdá 96 nínú 100 wọn ló sì jẹ́ fídíò ìbálòpọ̀ tí ẹni tó ni ojú kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni àwọn èèyàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ deepfake, ṣùgbọ́n ara obìnrin ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà.

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílò kọ̀ǹpútà tó lágbára àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán ẹni tó fẹ́ bà lórúkọ jẹ́. Lónìí, àwòrán kan ṣoṣo tó wà lórí Facebook ti tó, irú èyí tí wọ́n yà níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n tàbí lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ní oṣù Kìíní 2026, ariwo ta káàkiri ayé nítorí pé àwọn èèyàn ń sọ fún Grok, ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó wà lórí X, ìkànnì tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, pé kó bọ́ aṣọ lára àwòrán àwọn obìnrin, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe é fún wọn. Indonesia àti Malaysia ní láti ti ẹ̀rọ náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sí olórin Amẹ́ríkà, Taylor Swift, ìgbà mílíọ̀nù 47 ni wọ́n ti wo ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà kí X tó pa ojú ìwé ẹni tó gbé e síta. Olówó tó ní agbẹjọ́rò lọ́tùn-ún lósì ni ìyẹn o.

Ohun táwọn mìíràn ti ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2024 ni òfin Online Safety Act ti 2023 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni pín àwòrán tàbí fídíò tó fi ìhòòhò tàbí ìbálòpọ̀ ẹlòmíràn hàn, tàbí tó jọ pé ó fi í hàn, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Nítorí "tó jọ pé" yẹn, ọlọ́pàá ibẹ̀ kò nílò láti pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà kó wá wo bóyá ojú bá ọrùn mu. Ì báà jẹ́ kámẹ́rà ló yà á, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ AI ló hun ún, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ní 2025 wọ́n tún fi òfin mìíràn tì í lẹ́yìn, tó sọ ṣíṣe é pàápàá di ẹ̀ṣẹ̀, kódà bí ẹni tó ṣe é kò bá fi han ẹnikẹ́ni.

Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí Take It Down Act ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2025. Ẹni tó bá gbé àwòrán ìhòòhò àgbàlagbà jáde láìgbàṣẹ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura, ọdún 3 bó bá jẹ́ ti ọmọdé, àtojúlówó àtayédèrú. Àwọn ilé iṣẹ́ ìkànnì ní wákàtí 48 láti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí ẹni tó kàn bá ti kọ̀wé sí wọn. Ọsirélíà náà ṣe tirẹ̀ ní 2024, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 6.

Gúúsù Kòríà ló le jù. Lẹ́yìn tí àṣírí tú ní 2024 pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń ṣe àwòrán ìhòòhò ayédèrú àwọn akẹgbẹ́ wọn àtàwọn olùkọ́ wọn sórí Telegram, ilé aṣòfin wọn ṣòfin ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn pé wíwò ó tàbí títọ́jú rẹ̀ lásán lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 30 won. Bí irú òfin yẹn bá dé Adó-Èkìtì lọ́la, ẹgbẹ́ WhatsApp mélòó ni kò ní tú ká?

Ilé wa ńkọ́?

Òfin tí gbogbo èèyàn máa ń nàka sí ni Cybercrimes Act ti 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, èyí tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ ní oṣù Kejì 2024. Kò sí deepfake nínú rẹ̀. Abala 24 ló sún mọ́ ọn jù. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, tàbí ohun tó mọ̀ pé irọ́ ni, kó lè da ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 ni, tàbí owó ìtanràn tó lè tó náírà mílíọ̀nù 7. Àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí bóyá "da ìlú rú" yẹn kan àwòrán ìhòòhò, tàbí irọ́ nìkan ló kàn. Fídíò ọmọbìnrin kan kì í da ìlú rú. Ayé ọmọ náà ló ń dà rú.

Kí n má parọ́, àwọn oníròyìn àtàwọn tó bú olóṣèlú lórí Facebook ló mọ abala 24 jù. Bí òfin náà ṣe wà tẹ́lẹ̀, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù Kẹta 2022 pé ó tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn láti sọ̀rọ̀ lójú, kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ pé ká kàn fi "deepfake" kún abala yẹn kó parí. Irinṣẹ́ tí wọ́n ti fi lu akọ̀ròyìn kì í pẹ́ padà sídìí iṣẹ́ náà.

Abala náà dára lórí ohun kan ṣá o. Bí ẹni tó ṣe àwòrán náà bá fi ń halẹ̀ pé "fi owó ránṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mo máa fi han bàbá rẹ," òfin ti mú un. Fífi orúkọ èèyàn halẹ̀ mọ́ ọn kó lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín sí náírà mílíọ̀nù 15, tàbí méjèèjì. Kò sí ẹni tó máa bi ọmọ náà bóyá òun ló wà nínú àwòrán. Ìhalẹ̀ yẹn ti tó ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tó ń pe ara rẹ̀ ní Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ, ìtìjú gan-an ni owó òkòwò àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà abala yìí wúlò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Bí kò bá wá sí ìhalẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ kan kàn fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́? Abala 13 wà, tó jẹ́ ti ayédèrú orí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá yí dátà padà kó lè di ayédèrú tí àwọn èèyàn á gbà bí ojúlówó, kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀wọ̀n tó dín sí ọdún 3, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín sí náírà mílíọ̀nù 7, tàbí méjèèjì. Létí, ó dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe é bá kọ "AI ni o" sábẹ́ àwòrán náà, tó fi ẹ̀rín kún un, agbẹjọ́rò rẹ̀ á sọ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á bí ojúlówó. Obìnrin náà ṣì wà níhòòhò lójú gbogbo àdúgbò. Èyí tó tún le jùyẹn ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn nílé ẹjọ́ pé ayédèrú ni, láìsí iyèméjì. Ta ló fẹ́ fi hàn?

Ẹ̀rọ tó ń dá ayédèrú mọ̀

Ní 2018, Siwei Lyu àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé àwọn tó wà nínú deepfake kì í ṣẹ́jú bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú. Ìdí rẹ̀ rọrùn: àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, àwòrán ẹni tó la ojú sílẹ̀ ni, ta ni yóò gbé àwòrán ibi tó ti di ojú sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Inú àwọn èèyàn dùn pé ọ̀nà ti là. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó ń ṣe deepfake fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ tiwọn láti máa ṣẹ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí látìgbà náà. Facebook gbé ìdíje ńlá kan kalẹ̀, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, fún ẹni tó bá lè ṣe ẹ̀rọ tó ń dá deepfake mọ̀. Ó lé ní 2,000 èèyàn tó kópa. Nígbà tí èsì jáde ní 2020, ẹ̀rọ tó gbégbá orókè gba nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 lórí àwọn fídíò tí kò rí rí. Ẹni tó bá kàn ń sọ owó ẹyọ sókè, orí tàbí ìrù, yóò gba nǹkan bí 50. Ní 2022, ilé iṣẹ́ Intel gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde, èyí tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ ojú padà díẹ̀díẹ̀ bí ọkàn ṣe ń lù, nítorí wọ́n gbà pé ayédèrú kò ní ọkàn. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn pé deepfake ìsinsìnyí lè gbé lílù ọkàn ẹni tí wọ́n fi fídíò rẹ̀ ṣe é dání. Àwọ̀ ojú ayédèrú náà ń yí padà bíi ti alààyè.

Ní tiwa níhìn-ín, ìṣòro mìíràn tún gun orí èyí. Orí WhatsApp ni fídíò ti ń rìn, WhatsApp sì máa ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Àwọn ipa tín-ín-tìn-ìn-tín tí ẹ̀rọ adámọ̀ ń wá, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń pòórá. Bí ẹnì kan bá tún fi fóònù kejì ya ojú fóònù àkọ́kọ́, ó di kí á máa wò ó lójú lásán. Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara náà tún wà ńbẹ̀: ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru yẹ àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ojú èèyàn wò, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà. Lórí bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin lẹni náà, ọ̀kan nínú wọn ṣàṣìṣe dé ìdá 34.7 nínú 100 fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá kan fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun. Ojú òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá deepfake mọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Ẹ wá ronú ohùn ẹni tó ń sọ èdè Èkìtì nínú ariwo ọjà, kí ẹ ní kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sọ bóyá ojúlówó ni.

Àwọn kan gbà pé ká yé wá ayédèrú kiri, ká máa fi àmì sí ojúlówó láti ìbẹ̀rẹ̀. Adobe, Microsoft, BBC àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ C2PA sílẹ̀ ní 2021 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Google sì ní SynthID, àmì ìkọ̀kọ̀ tó ń fi sínú ohun tí ẹ̀rọ AI rẹ̀ bá ṣe. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ kò ní lọ lo ẹ̀rọ tó máa fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí kò fi àmì sí nǹkan kan wà nílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé kóòtù, abala 84 nínú Evidence Act ti 2011, òfin tó ń darí ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ń béèrè ìwé ẹ̀rí fún ohunkóhun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ṣubú nítorí ìwé yẹn. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí, kò sọ nǹkan kan nípa bóyá ohun tó wà nínú fídíò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ẹ̀rọ adámọ̀ bá sì sọ pé ìdá báyìí nínú 100 ló dá òun lójú pé ayédèrú ni, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á bi adájọ́ bóyá ìdá tó kù kì í ṣe iyèméjì.

Mi ò sọ pé ká kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dànù. Ibi tí wọ́n ti wúlò jù lọ ni ibi tí òótọ́ ọ̀rọ̀ gan-an ti jẹ́ ẹjọ́, pàápàá nínú ìdìbò. Ní Slovakia lọ́dún 2023, ohùn ayédèrú olóṣèlú kan, Michal Šimečka, jáde nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ méjì. Nílé wa, ṣáájú ìdìbò ààrẹ ọdún yẹn kan náà, ohùn kan jáde tí wọ́n ní Atiku Abubakar, Ifeanyi Okowa àti Aminu Tambuwal ló ń gbìmọ̀ láti yí ìbò, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìròyìn sì sọ pé ayédèrú ni. INEC fi ìdìbò gómìnà Èkìtì sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 2026, ìdìbò gbogbogbòò sì tẹ̀ lé e ní 2027. Ewu kejì tún wà, èyí tí Bobby Chesney àti Danielle Citron, onímọ̀ òfin ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2019: bí ayédèrú bá ti pọ̀ nígboro, ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń pín owó á kàn sọ pé AI ni. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ, ó sì nílò onímọ̀.

Ti ọmọbìnrin tó wà ní Ọ̀yẹ́ yàtọ̀. Kò gbà. Ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òfin wa ti mọ èyí tipẹ́, lórí ọmọdé. Abala 23 Cybercrimes Act kan náà, tó ń sọ̀rọ̀ àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé, fi kún ìtumọ̀ rẹ̀ ẹni tó jọ ọmọdé, àti àwòrán tó jọ ojúlówó tó ń ṣàfihàn ọmọdé. Láti 2015 ló ti wà níbẹ̀, ọdún méjì kí orúkọ deepfake tó dáyé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá ṣe é tàbí tó pín in, tàbí owó ìtanràn tó lè tó náírà mílíọ̀nù 20, tàbí méjèèjì. Kò sí ẹni tó ní láti wọn ojú mọ ọrùn. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá pé ọdún 18 ni ààbò yẹn máa ń ṣí kúrò lórí rẹ̀. Ó wá di ẹni tó gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ìlànà kan tún wà tí kì í sábà bọ́ sẹ́nu àwọn èèyàn. Ní 2022, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ìkànnì, ó sì dárúkọ deepfake gbangba: bí àwòrán ìhòòhò tí wọn kò gbàṣẹ rẹ̀ bá jáde láti fi bani jẹ́ tàbí dẹ́rù bani, wákàtí 24 ni wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ẹ̀sùn. Ìdajì àkókò tí Amẹ́ríkà fún wọn nìyẹn. Ìlànà fún ilé iṣẹ́ ni, kò lè rán ẹni tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n, kò sì lè wọ inú WhatsApp níbi tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ti rí ohun tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ̀wé ẹ̀sùn sí Facebook tàbí TikTok lè dárúkọ rẹ̀.

Èkìtì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó bá fẹ́. Ìpínlẹ̀ yìí ti ní òfin tó tako ìwà ipá sí obìnrin àti ọkùnrin láti 2011, ó sì tún un ṣe ní 2019. Ó ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀ sí. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin lè fi gbólóhùn kan kún òfin yẹn, pé pípín àwòrán tó jọ ìhòòhò èèyàn láìgba àṣẹ rẹ̀ jẹ́ ìwà ipá, ojúlówó ni o, ayédèrú ni o. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí ẹjọ́ Cybercrimes Act, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ. Ẹni tó wà ní Òmùò tàbí Ìkọ̀lé gbọ́dọ̀ máa wọkọ̀ lọ sí Adó. Ẹjọ́ òfin ìpínlẹ̀ lè sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ìyẹn tó dé, ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kó má ṣe pa nǹkan kan rẹ́ nínú ìbínú. Kó ya àwòrán ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́, ọjọ́ àti aago hàn níbẹ̀, kó sì tọ́jú fóònù tó fi gbà á. Bó bá lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní sáíbà kafé, kó rántí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè ní láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí abala 84 yẹn. Ìkànnì ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ StopNCII.org, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn tó ti pé ọdún 18. Lórí fóònù onítọ̀hún ni yóò ti sọ àwòrán náà di nọ́ńbà kan bí ìtẹ̀ka, nọ́ńbà yẹn nìkan ni yóò sì kúrò níbẹ̀ lọ bá Facebook, Instagram, TikTok àtàwọn mìíràn kí wọ́n lè dínà rẹ̀. Àwòrán náà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gba ayédèrú AI bó ṣe ń gba ojúlówó, kò sì bèèrè èwo ni.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àtẹ̀yin òbí tí ọmọ bá sá wá bá, ẹ má ṣe sọ pé kó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí yín kí ẹ lè wò ó. Ẹ bi í pé ta ló fi ránṣẹ́, nígbà wo, àti pé ṣé ó ti béèrè owó.